Ta ni Theodore Clerk, ọmọ Ghana àkọ́kọ́ tó gboyè ayàwòrán ilé, tó sì kópa ńlá nínú bí Tema ṣe di ìlú?

Tí o bá bèèrè ọ̀nà ní Tema, ìlú èbúté tó wà ní nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà sí ìlà oòrùn Accra, kì í ṣe orúkọ agboolé ni wọn yóò kọ́kọ́ dá fún ọ. Nọ́ńbà ni. Community 1, Community 2, Community 4, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kà á lọ. Community kọ̀ọ̀kan ló ní ọjà rẹ̀, ilé ìwé rẹ̀ àti ojú ọ̀nà rẹ̀, èyí tí wọ́n ti yà sórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó da ìpìlẹ̀ ilé.

Ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn, ní Mushin, àní ní àwọn àdúgbò àtijọ́ nínú Accra fúnra rẹ̀, ilé ló ṣáájú ọ̀nà. Àwọn èèyàn kọ́lé tán ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí títì yóò gbà. Ní Tema, pílánù ló ṣáájú.

Lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí pílánù náà ni ọmọ ilẹ̀ Ghana kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn òde orílẹ̀-èdè náà kò mọ orúkọ rẹ̀: Theodore Shealtiel Clerk. Òun ni ọmọ Gold Coast, bí wọ́n ṣe ń pe Ghana nígbà ìjọba amúnisìn, tó kọ́kọ́ kàwé gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ayàwòrán ilé.

Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn bí wọ́n ṣe kọ́ Ghana ayé Kwame Nkrumah, orúkọ àwọn òyìnbó ló sábà máa ń jáde ṣáájú. Wọ́n á dárúkọ Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, àwọn tọkọtaya tó ya àwòrán Fásitì Ìbàdàn. Wọ́n á dárúkọ Constantinos Doxiadis, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì. Ìlà kan péré ni Clerk máa ń ní nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, tó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀ rárá.

Bàbá àgbà tó ti Jamaica dé

Láti mọ Clerk, èèyàn ní láti padà sí ọdún 1843. Ọdún náà ni wọ́n fi Samuel Ajayi Crowther joyè àlùfáà ní London. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀ sí Christiansborg, ìyẹn ààfin àwọn ará Denmark ní Osu, tó ti di ara Accra lónìí. Èèyàn dúdú mẹ́rìnlélógún láti Jamaica àti Antigua ló wà nínú rẹ̀.

Ìjọ Basel ti Switzerland ló kó wọn wá. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ibà ń pa àwọn ajíhìnrere òyìnbó bí ẹni ń pa eṣinṣin. Ìjọ náà wá rò ó pé èèyàn dúdú tó jẹ́ Kristẹni yóò lè fara da ojú ọjọ́ ilẹ̀ náà, yóò sì jẹ́ ẹ̀rí fún àwọn ará ìlú pé ẹ̀sìn náà kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alexander Worthy Clerk wà lára wọn. Kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ tí oko ẹrú parí pátápátá ní Jamaica nígbà yẹn.

Ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà ní Èkó yóò rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó fi ìwọ̀nba jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn Sàró mọ ìlú tí wọ́n ti kó wọn. Crowther fúnra rẹ̀ ṣì bá ìyá rẹ̀ láyé ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1846. Àwọn ará Jamaica wọ̀nyí kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Kò sí agboolé kan pàtó tó ń retí wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n bá dé náà ni wọ́n ní láti sọ di ilé.

Clerk sọ ọ́ di ilé lóòótọ́. Ó wà lára àwọn tó dá ilé ìwé Salem sílẹ̀ ní Osu ní oṣù kọkànlá ọdún tí wọ́n dé náà. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ Pauline Hesse, ọmọ ìdílé oníṣòwò kan ní Osu tí ẹ̀jẹ̀ Ga àti ti Denmark pàdé nínú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn, Nicholas Timothy Clerk, tí wọ́n bí lọ́dún 1862, lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Basel, ó padà wá di àlùfáà. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé àwọn ajíhìnrere Basel kúrò nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, òun ni wọ́n yàn lọ́dún 1918 gẹ́gẹ́ bí Akọ̀wé Sínóòdù àkọ́kọ́ fún ìjọ Presbyterian ilẹ̀ náà.

Nicholas ló bí Theodore, ní ìlú Larteh, lórí òkè Akuapem, lọ́dún 1909.

Ohun kan wà nípa ibi tí wọ́n tọ́ ọmọ yìí sí tí kò yẹ kéèyàn fò dá. Ní gbogbo ìlú tí ìjọ Basel bá wọ̀, wọ́n máa ń ní àdúgbò tiwọn tí wọ́n ń pè ní Salem. Ilé olókùúta tò síbẹ̀ ní ìlà, wọ́n gbin igi máńgòrò sí ẹ̀bá ọ̀nà, ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì sì wà nítòsí tí ọmọdé lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ọmọ àlùfáà kò ní ṣàì mọ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá wo Salem ní Osu tàbí Akropong, tó wá wo Community 1 ní Tema, yóò rí ohun tó jọra níbẹ̀, bí ọgọ́rùn-ún ọdún tilẹ̀ wà láàárín méjèèjì.

Achimota, lẹ́yìn náà Edinburgh

Theodore lọ sí Achimota, ilé ẹ̀kọ́ tí Gómìnà Gordon Guggisberg ṣí lọ́dún 1927, tí James Aggrey wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó padà di aṣáájú Ghana, Nkrumah fúnra rẹ̀ sì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló gbé Clerk dé Edinburgh College of Art ní Scotland. Àkókò ogun àgbáyé kejì ni. Ìlú Edinburgh kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tó ń wá ohun tí kò tíì sí ẹni dúdú tó ṣe é rí. Fásitì ibẹ̀ ni Agnes Yewande Savage, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti gboyè dókítà lọ́dún 1929, òun obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sì ṣiṣẹ́ ní Achimota lẹ́yìn náà. Àbúrò Theodore, Matilda, náà lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Edinburgh, ó sì di obìnrin kejì tó jẹ́ dókítà nínú àwọn ọmọ Ghana.

Clerk gba àmì ẹ̀yẹ lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh. Ó gba ìwé ẹ̀rí ayàwòrán ilé, ó sì tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìlú. Ẹ̀kọ́ kejì yìí ló wá wúlò fún un jù. Ìgbà tó wà níbẹ̀ ni àwọn ará Britain ń ronú bí wọn yóò ṣe kọ́ àwọn ìlú tuntun lẹ́yìn ogun, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè kúrò nínú ilé ẹlẹ́gbin tí wọ́n há mọ́. Lọ́dún 1946 ni òfin ìlú tuntun náà jáde.

Ọ̀rọ̀ "àkọ́kọ́" yìí nílò àlàyé díẹ̀. Kì í ṣe pé kò sí èèyàn dúdú tó mọ ilé kọ́ ṣáájú Clerk. Ní Èkó, Mọ́sáláṣí Ṣítta tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894, iṣẹ́ ọwọ́ João Baptista da Costa àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ni, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé. Àwọn bíríkìlà àti káfíńtà Accra náà kọ́ ilé alájà tó ṣì dúró di òní. Ohun tí èèyàn dúdú kò ní ní Gold Coast ni àṣẹ láti jókòó sídìí tábìlì ìjọba, kó ya pílánù, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba ló ń ṣe ìyẹn, òyìnbó ló sì ń ṣe ọ̀gá níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni. Robert Robinson Taylor, tí bàbá rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí, kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní MIT lọ́dún 1892, òun aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀, ó sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ya àwòrán àwọn ilé tó wà ní Tuskegee. Lọ́dún 1929 ló wá sí Liberia láti ṣètò ilé ẹ̀kọ́ Booker Washington ní Kakata. Ó kú lọ́dún 1942, nígbà tí Clerk ń ka ìwé lọ́wọ́. Taylor kọ́ ọgbà ilé ìwé. Gbogbo ìlú kan ló ń dúró de Clerk.

Ìlú tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbi tí ìlú wà

Lẹ́yìn ogun ni Clerk padà sílé. Ìṣèlú ti ń yí padà. Lọ́dún 1951, Nkrumah kúrò lẹ́wọ̀n bọ́ sínú ìjọba, ní 1952 ó di Olórí Ìjọba. Owó kòkó wà lápò, àwọn tó wà lórí àléfà sì ń kánjú.

Ohun tó jẹ́ ìṣòro ni pé Accra kò ní èbúté tó jinlẹ̀. Ọkọ̀ ńlá máa ń dúró sórí agbami, àwọn awakọ̀ onígi á wa ọkọ̀ kékeré jáde lọ bá a, wọn á sì máa kó ẹrù já ìgbì òkun wá sí etíkun. Bí ìgbì bá ti da ọkọ̀ dé, ẹrù lọ nìyẹn, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀mí. Takoradi tí wọ́n ṣí lọ́dún 1928 jìnnà sí ìwọ̀ oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ń gbèrò láti dí odò Volta ní Akosombo kí iná mọ̀nàmọ́ná lè wà fún iṣẹ́ àlúmíníọ̀mù. Ilé iṣẹ́ yìí nílò èbúté, èbúté nílò òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ sì nílò ilé.

Ibi tí wọ́n mú ni abúlé àwọn apẹja Ga kan. Wọ́n ní orúkọ Tema wá láti ara Torman, ìyẹn igbá tí àwọn ará abúlé náà máa ń gbìn. Lọ́dún 1952 ìjọba gba ilẹ̀ tó tó máìlì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta níbùú lóròó lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ láti darí rẹ̀, Tema Development Corporation. Àwọn òyìnbó tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan pílánù náà. Clerk ló di ọ̀gá àwọn ayàwòrán ilé àti àwọn olùṣètò ìlú níbẹ̀, ó sì tún di ọ̀gá àgbà àjọ náà. Nkrumah a máa gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ṣètò ìlú náà rọrùn láti lóye. Èbúté àti ilé iṣẹ́ wà lápá kan, ilé gbígbé wà lápá kejì. Ibi ilé gbígbé ni wọ́n pín sí Community. Títì ńlá yí Community kọ̀ọ̀kan po, ṣùgbọ́n kò gba àárín rẹ̀, kí ọmọ tó ń lọ ilé ìwé má baà sọdá níwájú ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún koríko àti igi láàárín àdúgbò àti ilé iṣẹ́. Ohun tó tún gba àfiyèsí ni pé wọn kò fẹ́ kí tálákà ní Community tirẹ̀ kí olówó náà ní tirẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti da akọ̀wé, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ èbúté pọ̀ sí àdúgbò kan, bí ilé wọn tilẹ̀ tóbi jura wọn.

Ní ìlú tí ìjọba amúnisìn ti ya àdúgbò òyìnbó sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pe àwọn ilé wọn ní ìbùgbé àwọn aláṣẹ, ìpinnu yìí kì í ṣe kékeré.

Ọ̀rọ̀ Manhean

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fẹ́ wa èbúté sí gan-an ni àwọn ará abúlé Tema ń gbé. Ìjọba sọ pé wọn yóò kó wọn lọ síbòmíràn lápá ìlà oòrùn, sí ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Manhean, tó túmọ̀ sí ìlú tuntun ní èdè Ga. Ilé iṣẹ́ Fry àti Drew ló ya àwòrán àwọn ilé náà.

Àwọn ará abúlé kọ̀. Ibojì àwọn bàbá wọn wà níbẹ̀, ojúbọ wọn wà níbẹ̀. Òrìṣà tó ń gbé inú ọ̀sà kì í ṣe ohun tí wọ́n lè di sínú lọ́rì. Àwọn olórí ìdílé bèèrè ẹni tí yóò ṣe ètùtù, àwọn apẹja sì ń ro bí ẹja yóò ṣe rí níbi tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fà á fún ọdún bíi méje. Ọdún 1959 ni wọ́n tó kó lọ, katapílà ló sì palẹ̀ ohun tó ṣẹ́ kù mọ́.

Irú nǹkan yìí ń ṣẹlẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú láàárín àkókò kan náà. Láti ọdún 1955 ni àjọ LEDB ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Níbẹ̀ náà, àwọn oníṣòwò tó ń gbé láàárín ọjà rí i pé ilé tuntun dára, ṣùgbọ́n oníbàárà wọn kò tẹ̀lé wọn dé ibẹ̀.

Kò ṣeé ṣe láti yin Clerk fún Tema kéèyàn sì yọ Manhean sẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ìjọba náà sì ti pinnu. Ọmọ ọmọ ẹni tí wọ́n fà àwọn baba ńlá rẹ̀ tu kúrò ní Áfíríkà ló wà nídìí iṣẹ́ tó fa àwọn ẹlòmíràn tu kúrò nílẹ̀ wọn. Ní ti àwọn tó kó lọ, ilé oníbíríkì kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ̀tù sí i: yàrá kò tó fún ìdílé tó pọ̀, àwọn ilé náà sì fún mọ́ra nígbà tí ọmọ ń bí ọmọ.

Àṣìṣe mìíràn wà tí pílánù náà kò rí. Àwọn lébìrà tó ń wa òkúta, tí wọ́n ń po kankéré fún èbúté, kò rówó san ilé Community. Wọ́n lọ kọ́ àgọ́ tiwọn sí Ashaiman, lápá àríwá. Kò sí ẹni tó fa ìlà fún Ashaiman. Ó dàgbà bí Mushin ṣe dàgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú tí wọ́n fi rúlà yà.

Lẹ́yìn òmìnira

Nígbà tí Ghana gba òmìnira ní oṣù kẹta ọdún 1957, Accra di ibi tí àwọn ayàwòrán ilé láti gbogbo ayé ń dé. Harry Weese, ọmọ Amẹ́ríkà, ya ilé aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ará Poland àti Hungary ń ṣiṣẹ́ ní àjọ ìkọ́lé ìjọba. Victor Adegbite, tí orúkọ rẹ̀ kò nílò àlàyé fún Yorùbá kankan, kàwé ní Fásitì Howard ní Amẹ́ríkà, ó sì padà wá di ọ̀gá ayàwòrán ilé fún ìjọba. Max Bond, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, dé lọ́dún 1964, ó sì ya àwòrán ilé ìkàwé Bolgatanga.

Ní nǹkan bí ọdún 1961, ìjọba gbé iṣẹ́ fún Doxiadis láti ṣe pílánù tó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún Tema. Orúkọ rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ìlú náà nínú ìwé àwọn onímọ̀. Àwọn Community àkọ́kọ́ ti dúró kó tó dé.

Èbúté Tema ṣí lọ́dún 1962. Àwọn awakọ̀ onígi Accra tó ti ń já ìgbì láti ayé bàbá wọn pàdánù iṣẹ́ wọn.

Ní àkókò yẹn náà ni àwọn ayàwòrán ilé Ghana dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Ghana Institute of Architects, gẹ́gẹ́ bí ti Nàìjíríà ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1960. Kí ó tó dìgbà náà, ìlú London ni ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kà á sí ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ yìí ń wò. Clerk ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ náà tó wà nínú iṣẹ́ yìí kò pọ̀ rárá nígbà yẹn, kò sì sí èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Nicholas, tó ti rí i pé Gold Coast di Ghana, kú lọ́dún 1961 nígbà tó ti lé ní ọdún méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Theodore kò pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Ó kú lọ́dún 1965, kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Ọdún yẹn náà ni márosẹ̀ Accra sí Tema parí. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 1966, àwọn ológun ti gbàjọba lọ́wọ́ Nkrumah, ilé iṣẹ́ àlúmíníọ̀mù tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ èbúté kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àjọ tí Clerk darí ṣì wà. Wọ́n ti ka Community kọjá ogún báyìí, Ashaiman sì ti gbòòrò títí ó fi kan Tema. Ní Manhean, àwọn apẹja ṣì ń gbé ọkọ̀ onígi wọn jáde láti èbúté kékeré tí wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ńlá, wọ́n sì ń ṣe ọdún Kplejoo lọ́dọọdún fún àwọn òrìṣà tí wọ́n bá wọn kó kúrò ní Torman.